ILÉ ỌMỌ KÌ Í ṢE ỌJÀ: Ẹ WÁDÌÍ EWÉ KÍ Ẹ TÓ TÀ Á

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹlẹ́dàá ewé àti egbò, Ẹni tí ó dá ilé ọmọ tí ó sì fi í ṣe ibùgbé àkọ́kọ́ fún gbogbo wa. 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí yóò bá ará ilé rẹ̀ wí, kí ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ wí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ọkùnrin kan gbé ìgò oògùn wá bá mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun ṣe ìkéde. A kọ ọ́ sára ìgò náà pé ó ń wo àpá inú ilé ọmọ, ó ń wo ilé ọmọ tí ó wú, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń jẹ́ kí àgàn bímọ. A ya àwòrán mọ́sálásí sí i lára, a sì pè é ní oògùn Ànọ́bì. N kò bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo kéde oògùn náà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí mo fi ka kútúbà tán. Kí ó tó kúrò ní àgbàlá wa, ìgò tí ó gbé wá ti tán pátápátá.

Arábìnrin kan wà nínú àwọn tí ó rà á. Oyún oṣù mẹ́rin ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, wọ́n sì ti fá ilé ọmọ rẹ̀ nítorí pé ibi ọmọ kò jáde tán. Láti ìgbà náà ni nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń dín kù, títí tí ó fi di ẹ̀kán méjì mẹ́ta. Ọdún méjì gbáko ni ó fi mu oògùn tí ẹnu Lèmọ́mù rẹ̀ kéde. Nígbàkigbà tí oògùn náà bá mú un yàgbẹ́ gbuuru, ẹni tí ó ń tà á a máa wí pé ìdọ̀tí ilé ọmọ ni ó ń jáde. Nígbà tí ó wá pàpà dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníná wo inú ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n rí i pé ògiri rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó wá bá mi nílé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Kò bú mi, kò pariwo. Ohun tí ó sọ ni pé: "Bàbá Alfa, nígbà tí ẹ ń kéde oògùn yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni?"

N kò rí ìdáhùn kankan fún un. Ìbéèrè náà ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ewé kì í di oògùn nítorí pé ó jẹ́ ewé, bẹ́ẹ̀ ni kì í di oògùn nítorí pé a pe orúkọ Ọlọ́hun sí i. Ìwádìí ni ó ń sọ ọ́ di oògùn. Ẹni tí kò wádìí tí ó ń tà, owó ìyà ni ó ń gbà lọ́wọ́ obìnrin.

KÍ NI ÀPÁ INÚ ILÉ ỌMỌ?

A kò lè sọ̀rọ̀ oògùn láìmọ àrùn. Awọ rírọ̀ kan wà tí ó tẹ́ ògiri inú ilé ọmọ. Ìpele méjì ni awọ yìí ní. Ìpele ti òkè ni ó máa ń bọ́ lóṣooṣù tí ó ń bá nǹkan oṣù jáde. Ìpele ti ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò, láti ara rẹ̀ ni òmíràn ti ń hù. Bí a bá gé koríko tí a fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún hù. Ṣùgbọ́n bí irin tí a fi ń fá ilé ọmọ bá wọlé jù, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́, gbòǹgbò náà a bá a lọ. Kòkòrò àrùn náà lè ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá a máa dé inú ilé ọmọ. Àpá a wá gba ipò awọ, ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn a sì lẹ̀ mọ́ra. Heinrich Fritsch, dókítà ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1894. Joseph Asherman ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún ní ọdún 1948, ìdí sì nìyí tí àwọn dókítà fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà títí di òní.

Àmì rẹ̀ ni pé nǹkan oṣù a dín kù tàbí kí ó dáwọ́ dúró pátápátá, inú lè máa run obìnrin lóṣooṣù láìsí ẹ̀jẹ̀, oyún kì í tètè dúró, bí ó bá sì dúró ó lè bàjẹ́, tàbí kí ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọmọ ní àsìkò ìbímọ, tí ẹ̀mí ìyá yóò sì wà nínú ewu.

Ẹ ṣàkíyèsí dáadáa: kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Wàhálà náà kì í ṣe pé ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wàhálà náà ni pé awọ tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ti parẹ́. Oògùn tí ó ń mú ni yàgbẹ́, ìfun ni ó ń fọ̀. Ọ̀nà ìfun kò sì gba inú ilé ọmọ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgbẹ́ gbuuru ni ó ń fọ ilé ọmọ, yálà kò mọ ara ènìyàn, tàbí ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n ó ń purọ́. Nínú méjèèjì, kò yẹ ní ẹni tí à ń gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Wíwú àti gbígbóná inú ilé ọmọ, tí kòkòrò àrùn máa ń fà, ọ̀tọ̀ ni òun náà. Kókó tí ó ń hù nínú ilé ọmọ, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀nà ẹyin tí ó dí, ọ̀tọ̀ ni. Àrùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, báwo ni ìgò kan náà yóò ṣe wò wọ́n, tí yóò tún mú jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn?

OHUN TÍ Ó Ń LỌ NÍ ṢÁÍNÀ

Àwọn oníṣòwò wa ti kọ́ ọgbọ́n tuntun báyìí. Wọ́n ní: "Àwọn ará Ṣáínà ti wádìí rẹ̀, wọ́n ti fi hàn pé egbòogi ń wo àpá ilé ọmọ." Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, irọ́ tí a sì lú mọ́ òótọ́ ni ó máa ń pa ni jù.

Ìtọ́jú tí àwọn dókítà ní fún àpá yìí ni pé kí wọ́n kì ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníná bọ ilé ọmọ láti ojú ara, kí wọ́n sì fi abẹ kékeré gé ibi tí ó lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà wọn a fi nǹkan sí àárín ògiri méjèèjì kí wọn má baà tún pàdé, wọn a sì fún obìnrin náà ní oògùn tí ń mú awọ hù. Ṣùgbọ́n bí àpá náà bá ti pọ̀ jù, ó sábà máa ń padà wá. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí fi ń wá ohun tí yóò dí i lọ́nà kí ó má baà padà. Ní Ṣáínà, níbi tí a ti ń kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ti gbé egbò àtijọ́ wọn, irú bíi danshen àti danggui, lọ sí yàrá ìwádìí fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a kó eku jọ, wọn a pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Wọn a la inú ọ̀wọ́ kan, wọn a sì dì í padà láìfọwọ́ kan ilé ọmọ. Wọn a fá ilé ọmọ àwọn yòókù, wọn a sì fi òwú tí a rẹ sínú májèlé ara kòkòrò àrùn sínú rẹ̀, kí egbò àti wíwú lè wà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí lára obìnrin. Nínú àwọn tí a ṣe léṣe yìí, a kò ní fún ọ̀wọ́ kan ní nǹkan kan. A ó fún òmíràn ní oògùn tí àwọn dókítà ti mọ̀. A ó fún àwọn tí ó kù ní egbòogi náà, èyí tí ó kéré, èyí tí ó wà láàárín, àti èyí tí ó pọ̀. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a gé ilé ọmọ eku sí wẹ́wẹ́, wọn a fi aró tí ó ń sọ okùn àpá di aláwọ̀ búlúù kùn ún, wọn a sì wọn bí àpá ti pọ̀ tó ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n ń bèèrè ọ̀nà tí egbòogi náà gbà ṣiṣẹ́. Ohun kan wà nínú ara tí a ń pè ní TGF-β1. Òun ni ìránṣẹ́ tí ń pàṣẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì pé kí wọn máa hun okùn àpá. Àṣẹ yìí dára nígbà tí egbò bá wà, nítorí òun ni egbò fi ń san. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ náà kò bá dáwọ́ dúró, sẹ́ẹ̀lì a máa hun okùn lọ títí tí àpá yóò fi gba gbogbo ibẹ̀. Òmíràn ni a ń pè ní NF-κB. Òun ni ó ń tan iná wíwú àti gbígbóná, tí ó sì ń pe àwọn ìránṣẹ́ bíi TNF-α àti IL-6 jáde. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwádìí báyìí, wọ́n rí i pé lára eku tí ó mu egbòogi, àṣẹ wọ̀nyí rọlẹ̀, okùn àpá sì dín kù.

Iṣẹ́ tí ó dára ni èyí, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n kí ni ó fi hàn? Ó fi hàn pé ó yẹ kí a tẹ̀síwájú nínú ìwádìí. Kò fi hàn pé ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ títà. Ilé ọmọ eku ní ẹ̀ka méjì gígùn, kò rí bí ti obìnrin. Eku kì í ṣe nǹkan oṣù. Ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ni àyípo tirẹ̀. Egbò eku náà jẹ́ egbò tuntun tí a tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú, nígbà tí àpá obìnrin tí ó ń wá oògùn kiri lè ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn eku, ó kù kí a mọ̀ bóyá egbòogi náà kò ní pa ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ènìyàn lára. Ó kù kí a kó àwọn obìnrin tí a ti gé àpá wọn jọ, kí a fi ìbò pín wọn sí méjì, kí apá kan gbà á kí apá kejì má gbà á, kí a sì padà fi ẹ̀rọ wo inú ilé ọmọ gbogbo wọn. Ó kù kí a ka iye tí ó lóyún, àti iye tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo àtẹ̀gùn yìí ni oníṣòwò wa fò kọjá, láti inú àgò eku bọ́ sí inú ìgò. Háà! Ohun tí ó wà nínú ìgò rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe egbò tí àwọn ará Ṣáínà wádìí.

ÀWÍJÀRE WỌN ÀTI ÈSÌ WA

Àkọ́kọ́, wọ́n ń wí pé: "Ewé lásán ni, kò lè pa ni lára." Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Brussels, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn obìnrin tí ó fẹ́ fọn gba egbòogi Ṣáínà ní ilé ìtọ́jú kan. Egbò kan tí ń jẹ́ Stephania ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣì í mú, egbò Aristolochia ni ó bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní 100, jẹjẹrẹ sì mú àwọn kan nínú wọn ní ọ̀nà ìtọ̀. Ní ọdún 1993 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde fún aráyé. Ewé ni ó pa wọ́n lára, kì í ṣe kẹ́míkà ilé iṣẹ́ kankan. Ewé tí ó bá lágbára láti wo ni sàn, ó lágbára láti pa ni lára pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní ewé òun kò lè ṣe ibi kankan, ó ti jẹ́wọ́ pé kò lè ṣe oore kankan náà.

Ẹ̀kejì, wọ́n ń wí pé: "Àwọn ìyá wa lò ó, wọ́n sì bímọ." N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka àwọn tí ó lò ó tí wọn kò bí? Ẹni tí ó bímọ ni ó máa ń padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣègùn pẹ̀lú àkùkọ adìyẹ. Ẹni tí kò bí, ilé ni ó jókòó sí tí ó ń sunkún. Bí a bá ka àwọn tí ó dúpẹ́ nìkan, gbogbo oògùn ayé ni yóò máa ṣiṣẹ́. Bákan náà, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó máa ń lóyún ní ọdún kejì tàbí ẹ̀kẹta láìlo ohunkóhun, tí ìgò tí ó wà lọ́wọ́ wọn ní oṣù náà yóò sì gba ọlá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń wí pé: "Oògùn Ànọ́bì ni." Èyí ni ó dùn mí jù. Òótọ́ ni pé ó wà nínú hadíìsì tí Bukhari gbà wá pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àṣẹ fún wa pé kí a wá ìwòsàn náà kiri, kì í ṣe ìwé àṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti pe ohunkóhun tí ó bá rí ní ìwòsàn. Hadíìsì mìíràn wà lọ́dọ̀ Abu Dawud, tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣègùn tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ ìmọ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ohun tí ó bá bàjẹ́ wà. Bákan náà ni ìtàn ọkùnrin tí ó fi orí gba ọgbẹ́ nínú ìrìn àjò, tí àwọn tí kò ní ìmọ̀ sọ fún un pé dandan ni kí ó wẹ̀, tí ó wẹ̀ tí ó sì kú. Ànọ́bì bínú sí wọn gidigidi, ó sì kọ́ wa pé ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀. Nínú àwọn ewé tí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ń lọ̀, mélòó ni Ànọ́bì dárúkọ fún àpá ilé ọmọ? Kò sí ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi orúkọ Ànọ́bì tà á, irọ́ ni ó pa mọ́ Ànọ́bì, gbogbo wa ni a sì mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti tóbi tó.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ń nawọ́ sí nọ́ńbà àjọ NAFDAC tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ẹ ka ara ìgò náà dé ìsàlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ egbòogi tí a kàn forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ ó rí i tí a kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí a ní ó ń wò sàn wò. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń mú àpá kúrò.

Ó ku àwọn kan tí ó wà ní apá kejì, àwọn ọ̀mọ̀wé wa tí ó ń fi ewé ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn náà kò mọ̀ tó. Ìyáàfin Tu Youyou ti Ṣáínà ka ìwé ìṣègùn àtijọ́, ó rí i níbẹ̀ pé omi tútù ni a fi ń rẹ ewé kan tí a ń lò fún ibà, ó sì yé e pé gbígbóná ni ó ti ń ba ewé náà jẹ́ mọ́ àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Ó yí ọ̀nà padà, ó dán an wò lára ẹranko, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn ní ọdún 1972 kí wọ́n tó fún aláìsàn. Oògùn ibà tí a ń lò káàkiri ayé lónìí ti ibẹ̀ jáde, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Àwa náà ní tiwa. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá gbé ìmọ̀ ìdílé rẹ̀ nípa àrùn fònikú-fọ̀ladìde lọ fún àwọn olùwádìí ìjọba ní Abuja. Ata ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, tí aláìsàn àti dókítà kò mọ ẹni tí ó gba ojúlówó àti ẹni tí ó gba oògùn asán, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001 pé ó ń dín iye ìgbà tí ìrora líle ń wáyé kù. Niprisan ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀nà wà, nígbà náà. Àwọn oníṣòwò wa ni kò fẹ́ tọ̀ ọ́, nítorí pé ó jìn, owó kì í sì í tètè jáde níbẹ̀.

OGÚN TÍ A SỌ NÙ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni a ti kọ́ irú ìwádìí báyìí. Ibn Sina, tí ó kú ní ọdún 1037, to òfin méje sínú apá kejì ìwé rẹ̀, al-Qanun, fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìdánwò mọ agbára oògùn. Ó ní oògùn náà gbọ́dọ̀ mọ́ kúrò nínú ohun àjèjì tí ó lè yí i padà. Ó ní a gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Ó sì ní lára ènìyàn ni a gbọ́dọ̀ ti dán an wò ní ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ohun tí ó bá ṣiṣẹ́ lára kìnnìún tàbí ẹṣin lè má ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára ọmọ ènìyàn. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan sí òní tí Mùsùlùmí ti mọ̀ pé ara ẹranko kì í ṣe ara ènìyàn! Nígbà tí mo wà ní ilé kéwú, wọ́n kọ́ wa láti máa yangàn pẹ̀lú orúkọ Ibn Sina. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa láti ṣe bí ó ti ṣe. Bàbá tí a ń fi yangàn tí a kò tẹ̀lé, kí ni àǹfààní rẹ̀ fún wa?

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢE

Alákọ̀ọ́kọ́ ni pé kí gbogbo Lèmọ́mù ti ilẹ̀kùn ìkéde pa. Ní mọ́sálásí tiwa, a ti fi òfin lélẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé oògùn wá, a ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ó wà nínú rẹ̀, ní orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan? Àrùn kan pàtó wo ni ó wà fún? Níbo ni a ti dán an wò lára ènìyàn, ta ni ó sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó gbé ìgò rẹ̀, kí ó máa lọ sí ọjà.

Ẹ̀kejì ni ti ẹ̀yin obìnrin wa. Bí nǹkan oṣù yín bá yí padà lẹ́yìn tí a fá ilé ọmọ yín, ẹ má dúró ọdún kan. Ẹ lọ kí dókítà fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, kí ẹ mọ orúkọ àrùn kí ẹ tó mọ orúkọ oògùn. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò àrùn ni ó mú ilé ọmọ wú, oògùn tí ó ń pa kòkòrò náà wà, ẹ lò ó pé, kí ọkọ náà sì lò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kì ewé bọ ojú ara yín. Egbò tuntun ni ó lè dá sílẹ̀ níbi tí à ń sá fún egbò.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀yin ọkọ. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọdún 2023 pé nínú ènìyàn mẹ́fà, ó tó ẹnì kan tí ìṣòro àìrọ́mọbí ń bá jà nígbà kan láyé rẹ̀. Nínú bí ìdajì irú ìṣòro báyìí, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin nìkan ni à ń rọ oògùn fún. Ọkọ tí ó kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò, tí ó ń fi àgàn bú ìyàwó rẹ̀, tí ó sì ń gbèrò láti lé e lọ, kí ó mọ̀ pé Ọlọ́hun yóò bi í léèrè.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní yunifásítì, tí ẹ ń kọ́ nípa ewé, nípa oògùn, nípa ara ènìyàn. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ojúwòyè ní Múṣin àti ní ọjà ìlú yín gbogbo. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé àdéhùn mọ ohun tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ni ìmọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí yàrá ìwádìí. Bí ewé náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ẹnu kan náà tí ẹ ì bá fi kéde rẹ̀ ká ní ó ṣiṣẹ́. Àmánà ni.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ti rí. Wọ́n ti gé àpá náà fún un, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kò tíì dé. Bóyá ọdún méjì tí ó fi mu ìgò ni ó ba ohun tí a ì bá tètè tún ṣe jẹ́, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé mo ti dúró níwájú àwọn jámáà ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan náà kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó rà nínú oògùn náà nítorí ẹnu mi. Ẹ̀yin Lèmọ́mù ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ mọ̀ pé ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, Jímọ̀ ń bọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó fi ọmọ rere jíǹkí gbogbo ẹni tí ó ń wá a, kí Ó sì forí àṣìṣe wa jì wá. Àmín.